Ju Igi Yẹn Nù, Àkànní

Láńlátẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

  

Lọ́jọ́ ọjà Máyà, mo rí i bí o ṣe fi igi ti búùtù Sienna rẹ sókè, tí ìyá àgbà kan wá ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ kó lè fa àpò gàrí rẹ̀ jáde. N kò fẹ́ bá ọ wí lójú èrò, ni mo ṣe kọ̀wé. Bí àpò kan bá fara gbún igi yẹn pẹ́nrẹ́n, ẹ̀yìn ọrùn ìyá oníyàá ni búùtù yóò já lé.

Ṣọ́ọ̀kì búùtù rẹ ló ti kú. Wò ó dáadáa: ara rẹ̀ nípọn, ó dúdú, irin tín-ín-rín kan tó yẹ kó máa dán ló ń wọ inú rẹ̀, tó ń jáde. Gáàsì náítírójìn ni wọ́n kì sínú rẹ̀ pinpin, pẹ̀lú òróró díẹ̀, wọ́n wá fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀. Gáàsì yẹn ló ń gbé búùtù dúró. Tí irin tín-ín-rín náà bá ti dípẹtà, gbogbo ìgbà tí o bá ṣí búùtù ni yóò máa ha rọ́bà náà, títí gáàsì yóò fi jò tán. Bí o bá rí òróró lẹ́nu rẹ̀ tí eruku pupa lẹ̀ mọ́, ó ti ń jò nìyẹn.

Kò sì lè ṣe kó má dípẹtà. Omi pákí ń kán sí i, ajílẹ̀ ń dà sí i, òjò ń pa á. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi onígbòkun tiẹ̀ rí tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ṣọ́ọ̀kì yìí kan náà ni àwọn kan lára wọn fi ń gbé igi ìdábùú tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun ró, kó má baà já lé wọn lórí, iyọ̀ òkun sì ń jẹ ẹ́ run. Pípààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, má dá ẹni tó bá ní òun á bá ọ rọ gáàsì sí i lóhùn. Má fi sáńpépà ha á, má kun ún lọ́dà. Jọ̀ọ́, má gbé e dé ọ̀dọ̀ jórinjórin rárá! Èyí tí gáàsì ṣì kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù tí iná bá kàn án.

Tí o bá dé Araromi ní Gate, n'Íbàdàn, láti ra òmíràn, ka nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́. Bí o bá rí 400N, agbára tó lè gbé nǹkan bíi kílò 40 nìyẹn. Iye kan náà ni kí o rà, kí gígùn rẹ̀ sì bá a mu. Èyí tó bá lágbára jù á máa fi ipá ti irin búùtù, èyí tó bá rọ̀ jù kò ní gbé e. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n gbé fún ọ, fi orí rẹ̀ gúnlẹ̀, kí o fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá wọlé wẹ́rẹ́, dá a padà fún wọn.

Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, tọ̀tún tòsì, ni kí o pààrọ̀ pọ̀ o. Ìwọ tó ń gbé Igbó-Ọrà, èmi kọ́ ló yẹ kó kọ́ ọ pé ohun tí a bá ṣe fún Táyé la ń ṣe fún Kẹ́hìndé. Ọ̀tun tó lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, búùtù á wọ́ ni.

Kí o tó tú u, jẹ́ kí géńdé kan di búùtù mú. Fi skúdíráífà kékeré yọ pín-ìn-nì tó wà lórí rẹ̀ sókè díẹ̀, má fà á yọ tán, kí o wá fa ṣọ́ọ̀kì kúrò. Parí ọ̀kan kí o tó kan èkejì. Irin tín-ín-rín ni kó máa kọjú sílẹ̀ tí búùtù bá wà ní pípadé, kí òróró lè máa wà lẹ́nu rọ́bà.

Bí o kò bá ráyè lọ fúnra rẹ, ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ sí Gate ní Ọjọ́bọ̀. Ya fọ́tò nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, á bá ọ rà á bọ̀. Fi owó tẹ̀lé e o, torí ọ̀rẹ́ mi yẹn kì í rajà àwìn fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Bàbá Kékeré rẹ.