Bí A Ṣe Lè Dá Òkúta Túmálíìnì Mọ̀

Ọkùnrin kan gbé òkúta aláwọ̀ ewé wá fún ìyá kan nínú kíláàsì wa ní Alápẹ̀rẹ̀. Ìyá yìí ń ta tòmátò ní Mile 12. Ọkùnrin náà ní túmálíìnì ni, pé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, kí ìyá kó owó ọjà rẹ̀ lé e. Ìyá bá gbé òkúta náà wá bá wa: “Tíṣà, ẹ bá mi wò ó o.”

Òkúta yìí wà lóòótọ́. Ní 1998 wọ́n wa túmálíìnì pupa ní apá Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 2001 wọ́n tún rí irú èyí tí bàbà wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, Bràsíl nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣọ̀wọ́n, òun ló sì wọ́n jù.

Ẹ má wulẹ̀ gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín o! Yanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Alápẹ̀rẹ̀. Inú àpáta ni túmálíìnì ń gbé.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe rí. Ó máa ń gùn bíi pẹ́ńsù, ìlà tín-ín-rín sì wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá wo orí rẹ̀, igun mẹ́ta ló ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì yọ síta díẹ̀. Àmì yìí ni àwa gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé e, tí wọ́n dán an, àmì náà ti lọ nìyẹn.

Ẹ tún fi ha ìgò. Túmálíìnì á ha ìgò, ọ̀bẹ kò sì ní lè ha á. Àmọ́ òkúta funfun lásán tó ń dán bíi gíláàsì náà lè ha ìgò, nítorí náà èyí nìkan kò tó.

Òmíràn yani lẹ́nu: bí ó bá gbóná díẹ̀, tó wá ń tutù, ó máa ń fa eérú mọ́ra. Ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣòwò Holland pè é ní afaeérú. Ẹ má jẹ́ kí ó gbóná jù o, ó lè sán.

Ti ìyá wa ńkọ́? Kò ní ìlà, kò ní igun. A fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo inú rẹ̀, a rí èéfọ́ róbótó-róbótó bíi ti ọṣẹ. Ìgò fífọ́ ni!

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ túmálíìnì, ojú lásán kò lè sọ bóyá bàbà wà nínú rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ wa òkúta gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, nítorí òfin 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀.

Ìyá dá òkúta padà fún ọkùnrin náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi owó rẹ̀ ra tòmátò apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta.