Láti Ìparí Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀ Ètò

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí wá láti inú Súrátù Yúsúfù, áyà 47 sí 49.

Nígbà tí wọ́n rọ́ àlá ọba Íjíbítì fún Ànábì Yúsúfù (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó rí i pé ìyàn ọdún 7 ń bọ̀. Láti ibi ìyàn yẹn ló ti ṣírò padà sẹ́yìn. Kí ìyàn tó dé, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nípamọ́. Kí oúnjẹ tó lè wà nípamọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọdún 7 dáko láìsinmi, kí wọ́n jẹ díẹ̀, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ẹlòmíràn kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán, ó ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí ayẹyẹ ìgbòmìnira. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ká ní o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọdún 5, tí yóò gbà ọ́ ní ₦1,200,000. Ìyẹn jẹ́ ₦240,000 lọ́dún, tàbí ₦20,000 lóṣù. Bí agbára rẹ kò bá ká a, fi ọdún kún un. Má ṣe yá owó èlé. Bí ọjà bá wọ́n sí i, tún ìṣirò náà ṣe.

Ọjọ́ Àlùkìyáámà ni òpin gbogbo òpin. Òwò tí o kò ní lè jíyìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, má ṣe dáwọ́ lé e. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ètò wa. Àmín.