Ẹ Jẹun ní Lounge, Ẹ Sùn nínú Bàálù: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Wọ Business Class láti Èkó sí London

Bàálù tó bá gbéra l'Èkó lóru, tó ń lọ sí London, máa ń lò tó wákàtí 6 àbọ̀ lójú òfuurufú. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì business class yóò rí ìjókòó tó ń tẹ́ di ibùsùn àti oúnjẹ tó péye. Kó tó wọ bàálù, ó sábà máa ń ní àǹfààní láti lo lounge, ìyẹn yàrá ìsinmi àwọn èrò ní pápákọ̀ òfuurufú.

Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ibùsùn ni owó yín pọ̀ jù lé lórí. Ẹ lè jẹun lórí ilẹ̀, ẹ sì lè wẹ̀ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n oorun tó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lóru ọjọ́ náà kò ṣeé dá padà nígbà tí iṣẹ́ tàbí ìpàdé bá ń dúró dè yín ní òwúrọ̀. Nítorí náà, a to àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí kí oorun yín lè gùn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ohun tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó

Ilé iṣẹ́ bàálù kan lè ta oríṣi business class mẹ́ta nínú bàálù kan náà, kí iye owó wọn sì yàtọ̀ síra. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù sábà máa ń ní àwọn ohun tí wọ́n ti yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, Business Lite ti Qatar Airways kò ní lounge ọ̀fẹ́ nínú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin:

- Ṣé lounge wà nínú rẹ̀?
- Ṣé mo lè yí ọjọ́ padà, èló sì ni wọn yóò gbà?
- Ẹrù mélòó ni mo lè kó? Lójú ọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fàyè gba àpótí 2, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju kílò 32 lọ.
- Ṣé ọ̀fẹ́ ni yíyan ìjókòó, àbí owó ọ̀tọ̀ ni?

Bí ẹ ó bá pààrọ̀ bàálù lọ́nà, ẹ wo apá ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà mìíràn, apá kúkúrú ni wọ́n ń fi sí business class, tí apá gígùn tó yẹ kí ẹ sùn yóò sì wà ní economy.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ìjókòó lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á

Ẹ ṣí àwòrán ìjókòó bàálù náà lórí ojú òpó ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Ètò tó dára jù ni èyí tí wọ́n ń kọ ní 1-2-1: ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́wọ́ kan, ẹni méjì láàárín, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́wọ́ kejì. Nínú ètò yìí, kò sí ẹni tí yóò gba orí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kọjá.

Àwọn bàálù kan kò tíì ní irú ètò yìí. British Airways bẹ̀rẹ̀ sí í fi Club Suite, tó jẹ́ 1-2-1 tó sì ní ilẹ̀kùn, sínú àwọn bàálù rẹ̀ ní 2019. Nínú ètò àtijọ́ wọn, àwọn ìjókòó kan kọjú sẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sì lè ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ kó tó jáde.

Ẹni tó ń dá rìn ni fèrèsé dára fún. Kí tọkọtaya tàbí òbí àti ọmọ mú ìjókòó méjì àárín. Ẹ jìnnà sí ilé ìtura, ẹ sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ sí àwo, torí iná ibẹ̀ kì í kú, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́jú.

Bí ẹ bá nílò oúnjẹ halal, tàbí oúnjẹ aláìníyọ̀ púpọ̀, tàbí ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ìgbà yìí náà ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó ku wákàtí 24 kí ẹ tó béèrè.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to ìwé àti báàgì sọ́nà mẹ́ta

*Ìwé.* Britain ti ń fi físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní eVisa, rọ́pò káàdì àti ìwé. Bí tiyín bá jẹ́ eVisa, ẹ wọ àkáǹtì yín, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù tó wà níbẹ̀ ni ti èyí tí ẹ mú lọ́wọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba páásípọ́ọ̀tù tuntun gbọ́dọ̀ tún un ṣe ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò.

*Báàgì ọwọ́.* Ohun tí ẹ ó lò lóru nìkan ni kó wà lókè rẹ̀: oògùn yín, ṣájà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ lè fi sùn, àti òrí tàbí ìpara díẹ̀. Ohun olómi tàbí ìpara kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ike kọ̀ọ̀kan. Inú báàgì ọwọ́ ni power bank gbọ́dọ̀ wà. Wọn kì í gbà á nínú àpótí ńlá. Èyí tí kò ju 100Wh lọ kò nílò ìyọ̀ǹda ilé iṣẹ́ bàálù. Power bank 20,000mAh tó wọ́pọ̀ lọ́jà kò tó bẹ́ẹ̀.

*Àpótí ńlá.* Business class kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ òfin aṣọ́bodè. Ẹran, pọ̀ǹmọ́, súyà àti wàrà láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ Britain. Bí owó tí ẹ mú lọ́wọ́ bá ju dọ́là 10,000 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà. Britain náà ń béèrè ìkéde láti pọ́n-ùn 10,000 lọ sókè.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dé pápákọ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta ní káńtà

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń ṣí check-in lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ku wákàtí 24. Ẹ ṣe é nílé, kí ẹ sì tún ìjókòó yín wò, torí wọ́n lè ti pààrọ̀ bàálù.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Lẹ́kí tàbí Àjáh kò gbọdọ̀ fi ojú kéré súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣètò kí ẹ wà ní káńtà Pápákọ̀ Murtala Muhammed ní wákàtí 4 ṣáájú ìgbéra. Ìlà ọ̀tọ̀ sábà máa ń wà fún business class ní káńtà, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e pé ẹ ó rí irú rẹ̀ níwájú ìmígíréṣọ̀n àti ibi àyẹ̀wò ẹrù.

Kí ẹ tó kúrò ní káńtà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta:

- Lounge wo ni tèmi, ibo ló sì wà? Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní tiwọn. Àwọn mìíràn ń lo ti ẹlòmíràn, wọn yóò sì fún yín ní ìwé pélébé tí ẹ ó fi wọlé.
- Géètì wo ni, aago mélòó ni ìwọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀?
- Ibo lẹ kọ sára àpótí mi? LHR ni Heathrow, LGW sì ni Gatwick. Ẹ fi ojú ara yín kà á.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ lo lounge létòlétò

Ẹ kọjá ìmígíréṣọ̀n àti ibi àyẹ̀wò ẹrù ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wọ lounge, kí ọkàn yín má baà wà lórí ìlà tó ń dúró dè yín níta. Ẹ fi káàdì ìwọkọ̀ àti ìwé pélébé náà han ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ mú àlejò wọlé, ẹ béèrè ná, torí tíkẹ́ẹ̀tì business class nìkan kì í sábà gba ẹlòmíràn mọ́ra.

Bí ẹ bá wọlé tán, ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

a) Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń kéde bàálù. Ọ̀pọ̀ lounge kì í kéde. Ẹ ṣètò àláàmù fóònù yín kó dún ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú ìgbà tí ẹ fẹ́ dìde.

b) Ẹ fi fóònù àti power bank síná lójú ẹsẹ̀.

d) Ẹ jẹun alẹ́ yín níbí, kí ẹ jẹ ẹ́ yó. Bí ìrẹsì àti ẹja bá wà, oúnjẹ tó tọ́ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ń fẹ́ inú, bí ẹ̀wà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí afẹ́fẹ́ inú ara máa ń fẹ̀ sí i lókè.

e) Ẹ mu omi. Bí ẹ bá máa mu ọtí, kó má pọ̀. Ọtí máa ń tètè gbé ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí oorun náà pẹ́.

ẹ) Bí balùwẹ̀ bá wà, ẹ wẹ̀. Ẹ fọ eyín, kí ẹ pààrọ̀ sí aṣọ tó rọ̀. Ẹni tó ṣe èyí ní lounge kò ní ṣe é nínú ilé ìtura híhá nínú bàálù.

Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún jíjẹ níbẹ̀ ni, kì í ṣe fún kíkó sápò. Ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí fóònù, ẹ má sì fi báàgì gba ìjókòó ẹlòmíràn. Ẹ kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá ku wákàtí kan. Géètì sábà máa ń tì ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 ṣáájú ìgbéra, wọn kì í sì ṣí i fún ẹnikẹ́ni nítorí irú tíkẹ́ẹ̀tì tó rà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ parí gbogbo ètò kí bàálù tó gbéra

Bí ẹ bá jókòó, ẹ wá ohun mẹ́rin: bọ́tìnnì tó ń tẹ́ ìjókòó, ibi ìfinásí, iná ìkàwé, àti kúbùsù. Ẹ kó oògùn, omi àti fóònù sí ibi tí ọwọ́ yín lè tó ní ìdùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó yín: “Ẹ jọ̀ọ́, mo ti jẹun. Mo fẹ́ sùn bí bàálù bá ti gbéra tán. Ẹ jí mi nígbà tó bá ku wákàtí kan àbọ̀ kí a balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa oorun mọ́. Oúnjẹ alẹ́ nínú bàálù lè gba wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn ìgbéra. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú wákàtí 6 àbọ̀, tí ẹ sì yọ ti àárọ̀, ìwọ̀nba oorun díẹ̀ ló kù.

Ìjókòó gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró nígbà ìgbéra àti ìbalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ fi kúbùsù bora, kí ẹ sì de bẹ́líìtì sórí kúbùsù náà. Bí bàálù bá ń mì, òṣìṣẹ́ yóò rí bẹ́líìtì náà láì jí yín.

Bí fóònù bá já sáàárín ìjókòó, ẹ má ṣe mú ìjókòó náà lọ sókè-sódò. Ìjókòó lè tẹ fóònù náà fọ́, kí bátìrì rẹ̀ sì gbiná. Ẹ pe òṣìṣẹ́.

Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an. Ẹ fi òrí pa ètè àti ọwọ́ kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá tají lóru, ẹ mu omi, kí ẹ sì na ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní láti bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú ìrìnàjò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìbalẹ̀

Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago Èkó àti ti London dọ́gba. Nígbà òtútù, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Nítorí náà, àìsùn ló máa ń mú èrò rẹ̀ lójú ọ̀nà yìí ju ìyàtọ̀ aago lọ.

Kí bàálù tó balẹ̀, ẹ béèrè bóyá káàdì wà fún ìlà kíákíá ní ìmígíréṣọ̀n, àti bóyá lounge wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. British Airways ní irú rẹ̀ ní Terminal 5 ní Heathrow. Ẹ lè wẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sí ìgboro.

Bí ìrìnàjò bá jẹ́ Amẹ́ríkà ńkọ́?

Lójú ọ̀nà Èkó sí Atlanta, tó ń gbà tó wákàtí 12, ètò oúnjẹ yóò yí padà. Bí bàálù bá gbéra ní aago 11 alẹ́ Èkó, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni ní Atlanta nígbà ooru wọn, aago 5 nígbà òtútù. Ẹ jẹ ìwọ̀nba ní lounge, kí ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ nínú bàálù, kí ẹ sì fi wákàtí 6 tàbí 7 tó gbẹ̀yìn sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ara yín yóò ti máa tẹ̀ lé òru Atlanta kí ẹ tó débẹ̀.

Àkókò ní ṣókí, fún bàálù London tó ń gbéra ní aago 11 alẹ́

- Aago 7: ẹ wà ní káńtà.
- Aago 8 àbọ̀: ẹ wọ lounge, ẹ fi fóònù síná.
- Aago 8:45: ẹ jẹun.
- Aago 9 àbọ̀: ẹ wẹ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ.
- Aago 10: ẹ máa lọ sí géètì.
- Aago 11: bàálù gbéra.
- Aago 11:40: ẹ ti sùn.
- Aago 4 òru: wọn yóò jí yín.

Bí bàálù bá pẹ́, ẹ sún gbogbo àkókò náà síwájú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra padà.