Ẹ Má Fa Fíláàṣì Yọ Lójijì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń rí yín nílé ìtẹ̀wé: bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ ó fa fíláàṣì yọ fàà, ó di ilé. Ẹ rọra. Kọ̀ǹpútà lè ní òun ti kó fáìlì tán, kó jẹ́ pé díẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ nígbà náà, fáìlì tó ti bàjẹ́ lẹ máa bá nílé.

Ẹ kọ́kọ́ ti Word tàbí ohunkóhun tó ṣí fáìlì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì fíláàṣì, kí ẹ yan “Eject”. Bí kọ̀ǹpútà bá ní iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí fíláàṣì, ẹ má bá a jà. Ẹ wá ojú ìwé tí ẹ gbàgbé láti tì. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá kí ẹ tó yọ ọ́.

Òótọ́ ni pé Windows 10 ti dín ewu yìí kù láti ọdún 2018, àmọ́ bí iná fíláàṣì bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín kí ẹ tó jáde nílé.