Ta Ló Ta Ilé Ìyá Alákàrà?

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ibi tí òwe yìí ń lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ti Ìyá Alákàrà àdúgbò wa n'Ìbàdàn ló wà lọ́kàn mi. Ó gbọ́ òwe náà lẹ́nu bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, ó tún gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbà á gbọ́ débi pé ó ta ilé oníyàrá mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ fi sáyé lọ, kí àbígbẹ̀yìn wọn lè parí yunifásítì. Lónìí, yàrá kan ló ń gbé nítòsí ibi tó ti ń dín àkàrà, owó ilé ló sì ń san.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó ránṣẹ́ pe ọmọ náà pé kó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí kí n sìn ín lọ. Aago mẹ́rin ìdájí la gbéra. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ó sì fi ọ̀rá we fáìlì rẹ̀ nítorí òjò. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́nu géètì pẹ̀lú bírò pupa. Kò bi í ní ohun tó kọ́, kò wo máàkì rẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí ló gbà, ó fi ìka ṣírò ọdún, ó sì fa ìlà pupa gba orí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kọjá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti kọjá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó kàn!"

Ẹnì kan tó tò sẹ́yìn wa rọra sọ fún un pé, "Lọ sí kọ́ọ̀tù, kí o lọ búra ọjọ́ orí tuntun. Owó kékeré ni." Ọmọ náà kàn rẹ́rìn-ín: "Màmá mi mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi." Ẹ wò ó, ọmọ tí a kọ́ nìyẹn! Ká ní a kò kọ́ ọ ni, ì bá ti wọlé.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì rọ̀. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò ọdún rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wọ yunifásítì ní 2017, lẹ́yìn tó ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni. Ní oṣù kẹta 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀. Ìparí ọdún ni wọ́n tó padà. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, oṣù mẹ́jọ gbáko. Kó tó parí, kó tó gba ìwé ìpè, kó tó fi ọdún kan ṣe agùnbánirọ̀, ọjọ́ ti lọ. Ìjọba àti olùkọ́ ló ń jà, ọjọ́ orí ọmọ ló ń gbọgbẹ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ rówó yunifásítì aládàáni kò bá wọn jókòó sílé. Òun a parí ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tàbí méjìlélógún, bírò pupa kò sì ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ orí làwọn ń béèrè. Àpò òbí ẹni ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ilé-ìwé. Bàbá mi wà lára àwọn tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, 1955. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú; lọ́dún náà, ó lé ní 800,000. Ìjọba ló sanwó, kò sẹ́ni tó ta ilé. Àmọ́ ìwé mẹ́fà tó ti sọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi di akọ̀wé, nígbà tí bàbá mi fi máa gba tirẹ̀ ní 1960, ó ti kún ìgboro. Ìjọba ti ń dá ibùdó àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fáàmù sẹ́tímẹ́ǹtì sílẹ̀, kí àwọn tó kàwé tí wọn ò ríṣẹ́ lè rí nǹkan ṣe. Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Nígbà tí ọmọ tálákà ní ìwé mẹ́fà, wọ́n ní ìwé mẹ́wàá làwọn fẹ́. Nígbà tó ní ìwé mẹ́wàá, wọ́n ní yunifásítì. Nísinsìnyí tó ti yunifásítì dé, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù lọ́nà.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ rán ọmọ nílé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má ta òrùlé. Ká ní Ìyá Alákàrà gbé yàrá mẹ́ta fún ayálégbé, tó ń fi owó wọn san owó ilé-ìwé díẹ̀díẹ̀, ì bá ni ín lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ì bá ṣì wà tí ọmọ lè padà sí. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, bó bá jẹ́ agbára lẹ fẹ́, ẹ dán agbára wò. Bó bá sì di dandan kẹ́ ẹ ka ọdún, ẹ kà á láti ọjọ́ tí ọmọ jáde ilé-ìwé, ẹ má kà á láti ọjọ́ ìkómọ.

Ní ti òwe wa, àgbà ló pa á, n ò lè bá àgbà jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pa á, ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ kì í kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò ra ilé rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ a máa ta ilé, mo gbà. Ti Ìyá Alákàrà, ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé e tà, ọmọ kò jẹ̀bi.

Alẹ́ la padà dé láti Èkó lọ́jọ́ náà. Ìyá náà ń rẹ ẹ̀wà ọjọ́ kejì sílẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ní mo tètè bí ọ jù?"