Àmì Àbọ̀ Nínú Èdè Esperanto

Nínú èdè gbogbo, ó yẹ kí olùgbọ́ mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí a ṣe é sí. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, tí a sì sọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ ni ó bu ajá jẹ, ọ̀rọ̀ dàrú nìyẹn. Ẹni tí ó ṣe nǹkan ni à ń pè ní olùwà. Ẹni tí a ṣe é sí ni àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọkùnrin kan tí ó dá èdè sílẹ̀ ti yanjú ọ̀ràn yìí.

Orúkọ rẹ̀ ni L. L. Zamenhof, oníṣègùn ojú. A bí i ní 1859 ní Białystok, ìlú tí ó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà nígbà náà, tí ó sì wà ní Pólándì lónìí. Àwọn ará Rọ́ṣíà, ará Pólándì, ará Jámánì àti àwọn Júù jọ ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìfura pọ̀ láàárín wọn. Zamenhof rò pé bí wọ́n bá ní èdè kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, ìjà yóò dínkù. Ní 1887 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Warsaw, òfin 16 ni ó sì là sílẹ̀ fún èdè náà.

Nínú Esperanto, *o* ni ó ń parí ọ̀rọ̀-orúkọ. *Hundo* ni ajá, *knabo* ni ọmọdékùnrin. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀, a ó fi *n* kún ìparí rẹ̀:

*La hundo mordis la knabon*: Ajá náà bu ọmọ náà jẹ.
*La knabo mordis la hundon*: Ọmọ náà bu ajá náà jẹ.

Bí a bá wí pé *La knabon mordis la hundo*, ajá náà ni ó ṣì bu ọmọ jẹ, nítorí pé *n* kò kúrò lára ọmọ. Ní èdè Yorùbá, ipò ni ó ń fi àbọ̀ hàn. Bí a bá fẹ́ gbé àbọ̀ síwájú, a ó lo *ni*: "Ọmọ náà ni ajá bù jẹ." Síbẹ̀, arọ́pò-orúkọ tiwa pàápàá ń yí padà: "mo rí i", "ó rí mi". Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni *mi* ṣe ń di *min* ní Esperanto.

Lẹ́tà kékeré yìí lè dá ìjà sílẹ̀. *Mi amas vin pli ol la patro* túmọ̀ sí "Mo fẹ́ràn rẹ ju bí bàbá ti fẹ́ràn rẹ lọ." Ṣùgbọ́n bí a bá kọ *patron*, ó di "Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ti fẹ́ràn bàbá lọ."

*N* tún ń fi ibi tí à ń lọ hàn. *La birdo flugas en la ĝardeno*: ẹyẹ náà ń fò kiri nínú ọgbà. *En la ĝardenon*: ó ń fò wọ inú ọgbà. Ohun tí Yorùbá fi ọ̀rọ̀-ìṣe "wọ" sọ ni Esperanto fi *n* sọ.

Àwọn tí èdè ìyá wọn kò ní irú àmì yìí a máa gbàgbé rẹ̀. Ní 1894, Zamenhof fúnra rẹ̀ dá àbá àtúnṣe, yíyọ *n* sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dìbò, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kọ àtúnṣe náà. Ní 1907, àwọn mìíràn yà kúrò, wọ́n gbé èdè Ido kalẹ̀. Nínú Ido, ìgbà tí àbọ̀ bá ṣáájú olùwà nìkan ni a ń lo *n*.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé èdè tí kò ní àmì àbọ̀ kò ní gírámà. Ọ̀nà ni ó yàtọ̀. Gbogbo èdè ni ó ní ètò tirẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín olùwà àti àbọ̀?
2. Ta ni ó bu ẹnìkejì rẹ̀ jẹ nínú *La hundon mordis la knabo*?
3. Kọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta tí a fi *ni* gbé àbọ̀ síwájú.