Ta Ló Ń San Owó Oṣù Dókítà Ìkòròdú?

Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti yanṣẹ́ lódì, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ nínú ọkọ̀ Ìkòròdú ni pé: "Ṣé owó wọn ò tíì tó wọn ni?" Kí a tó dáhùn, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun méjì: ta ló ń sanwó, ta sì ni wọ́n ń fi ara wọn wé?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń sanwó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ni Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú àti Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ni LUTH ní Ìdí-Àràbà. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn dókítà wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó ti ń jáde. Ní ìparí ọdún 2009, Àbújá gbé ìlànà owó oṣù méjì jáde: CONMESS fún dókítà, CONHESS fún nọ́ọ̀sì, apòògùn, òṣìṣẹ́ làbù àti àwọn yòókù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní láti bá àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ dúnàádúrà. Ọ̀rọ̀ CONMESS yìí ló dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín ìjọba Èkó àti Medical Guild, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ìjọba lé dókítà 788 kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó tó wá gbà wọ́n padà.

Ìjà kejì wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ní 2014, wọ́n tún CONMESS ṣe, owó dókítà sì gòkè. JOHESU, àjọ tó kó ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù pọ̀, ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún CONHESS. Nítorí èyí wà lára ohun tí wọ́n fi yanṣẹ́ lódì láti oṣù Kẹrin títí di òpin oṣù Karùn-ún 2018. Àwọn dókítà ní ojúṣe àwọn wúwo jù; àwọn yòókù ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Lójú tèmi, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì: ojúṣe lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n dókítà tí kò rí èsì làbù gbà, àfọ̀júdá ló máa fi tọ́jú aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ní 1902, àwọn òyìnbó amúnisìn dá West African Medical Service sílẹ̀, wọn ò sì gba dókítà aláwọ̀ dúdú síbẹ̀. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tó bá àrùn ìgbóná jà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, wà lára àwọn tí wọ́n fi sẹ́yìn, owó wọn sì kéré sí ti òyìnbó.

Ta ló wá ń jìyà rẹ̀? Abala 43 nínú Trade Disputes Act sọ pé ẹni tó yanṣẹ́ lódì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ọjọ́ tí kò fi ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, wọ́n lè fi ìyẹn dúnàádúrà nígbà tí wọ́n bá ń parí ìjà. Aláboyún tó ń rọbí ní Ẹ̀pẹ́ kò lè sún ìrọbí rẹ̀ síwájú. Bó bá lówó, á lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni. Bí kò bá ní, ilé ló máa wà.

Nítorí náà, bí ìyanṣẹ́lódì mìíràn bá dé, ẹ jẹ́ ká béèrè pé: ìjọba wo ló jẹ gbèsè? Àdéhùn wo ni wọn ò mú ṣẹ? Ta ló ṣẹ́ kù ní yàrá pàjáwìrì? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè dá ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ.